Kí-nìdí Na Ọwọ́ Méjèèjì

Òfófó kọ́ ni mo fẹ́ ṣe o. Ẹni tó bá pe èyí ní òfófó, mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lójú odindi kíláàsì, tí tíṣà rí, tí súpáfáísọ̀ láti yunifásítì rí, ṣé etí èmi tí mò ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ni kò wá yẹ kó dé? Ẹ fa àpótí yẹn jókòó. Ẹ rọra o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Káfíńtà ti gbowó rẹ̀ látọdún tó kọjá, ìgbà tó gbowó tán ló rántí pé òun ní òkú àgbà ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ilé wa, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Ẹ má tẹ̀lé àwọn tó ń wọ géètì yunifásítì LASU lọ, ẹ kọjú sí ọ̀nà Badagry, kí ẹ máa bọ̀ ní Òkókómaikò. Ilé oníyàrá méjìlá ni, mẹ́fà kojú sí mẹ́fà, kọ́ridọ̀ kan ṣoṣo láàárín. Bí ẹ bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá tó kẹ́yìn ni yóò ní kí ẹ pẹ̀lẹ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ló ń ṣòfófó? Ògiri ló ń sọ̀rọ̀, èmi kàn ń gbọ́ ni.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn yìí, ọmọ Ìyá Oníyìnyín ni. Ìyá Oníyìnyín ló ni fírísà ńlá tó wà ní ìparí kọ́ridọ̀. Omi tútù, yìnyín, sóbò, kúnù, ohun tó bá ṣáà ti lè dì, ó ń tà á. Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, a jẹ oyin, a jẹ ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ ọjọ́ yẹn pè é mọ́. Kí-nìdí là ń pè é. JSS 2 ló wà. Kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí ẹnu rẹ̀ kì í béèrè ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ tí Láńlọ́ọ̀dù kó wa jọ pé òun fẹ́ fowó kún owó ilé, gbogbo wa dákẹ́, à ń wolẹ̀. Àwọn tó ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé lálẹ́ àná pé àwọn máa bá a jà, ẹnu wọn wọlé. Ọmọ yìí ló na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí nìdí tí owó ilé fi ń gòkè, tí òrùlé fi ń wálẹ̀?” Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Àwa yòókù sáré wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Láńlọ́ọ̀dù kò fèsì, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀yin ará, a rí onípáánù lórí òrùlé. Owó náà gòkè ṣá o.

Ìwà yẹn ló gbé lọ sí ilé-ìwé. Ilé-ìwé wo? N kò ní dárúkọ, ẹ má fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn ń kọ́ wọn bí omi ṣe ń di yìnyín. Ó ní omi tó bá ti tutù tẹ́lẹ̀ ni yóò máa kọ́kọ́ dì, pé kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kí-nìdí nawọ́. Ó kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà há a lọ́fun lágbedeméjì, ló bá bọ́ sí Yorùbá. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí ìyá òun máa ń kánjú, tí yóò bu sóbò tó ṣì ń gbóná sínú ike, tí yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti tutù, òun sì ti rí i rí tí gbígbóná yẹn dì ṣáájú. Kí nìdí?

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní àkọ́kọ́, ó sọ fànákúlà nínú kíláàsì. Èkejì, ṣé òun ló fẹ́ wá máa kọ́ òun tíṣà ní iṣẹ́ òun ni? Ó ní kó kúnlẹ̀, kó káwọ́ sókè, kó sì mú ìyá rẹ̀ wá lọ́la.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ìyá tí ilé-ìwé ránṣẹ́ pè rí, bó ṣe máa ń múra? Ìyá Oníyìnyín tó jẹ́ pé ìró kan ló ń ró láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ó yọ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó jáde, ó wé gèlè, ó kun ojú. Mo bi í pé ṣé ibi ẹjọ́ ló ń lọ ni àbí ibi àríyá. Ó ní bí wọ́n bá rí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí òtòṣì, wọ́n á fi ọmọ rẹ̀ nu ilẹ̀. Kò kúkú parọ́. Ó gbé ìgò sóbò méjì dání, èyí tó dì dáadáa. Tíṣà gba sóbò, ó mu ún, ó mí kanlẹ̀, ó nu ẹnu, ó wá ní, “Màmá, ọmọ yín ń gbó mi lẹ́nu.” Ẹ wò ó, ẹni tó mu ẹ̀rí tán ló ń dájọ́ o.

Bí ìyá ti dé ilé, ó wá pàṣán. Ibi tí ìjíròrò ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nídìí kànga. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n na ọmọ náà díẹ̀, pé bí kò bá bọ̀wọ̀ fún tíṣà lónìí, ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún lọ́la? Bọ̀ọ̀dá tó ń vọ́káná níwájú ilé ní ọmọ tó bá ń jiyàn bẹ́ẹ̀ lọ́yà ni yóò dà, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, ilé yìí nílò lọ́yà nítorí Láńlọ́ọ̀dù. Èmi náà sọ tèmi. Mo ní àwa Yorùbá yìí, n kò mọ ohun tó ń ṣe wá. Tó bá di alẹ́, a ó kó àwọn ọmọ jọ, a ó ní “Ààlọ́ o”, a ó máa bi wọ́n ní ìbéèrè tó lójú pọ̀, ọmọ tó bá já a la máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ kan náà pa àlọ́ tirẹ̀ fún tíṣà, a ní ó ya aláfojúdi. Ṣé ìbéèrè ló burú, àbí oòrùn tó ń ràn sí i?

Wọ́n ní kí n dákẹ́, àkàrà mi ń jóná. Ó ń jóná lóòótọ́.

Ọmọ LASU kan wà ní yàrá tó kojú sí tèmi. Físíìsì ló ń kà, òun náà la fi ń pè é. Láńlọ́ọ̀dù ti fura sí ọmọ yìí títí. Iná yàrá rẹ̀ kì í kú lóru, kọ̀ǹpútà ń tàn, Láńlọ́ọ̀dù ní ọmọ Yahoo ni, pé òun máa pe ọlọ́pàá. Ó yọ́ lọ sí ojú fèrèsé ọmọ ọlọ́mọ lóru ọjọ́ kan, ohun tó rí ni ọmọ tó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí oorun má baà gbé e lọ, tó ń yanjú ìṣirò. Àtọjọ́ yẹn, Láńlọ́ọ̀dù ló ń kọ́kọ́ kí i láàárọ̀.

Físíìsì yìí ló gba pàṣán lọ́wọ́ ìyá. Ó ní ohun tí ọmọ yìí sọ, ọmọ ilé-ìwé kan ti sọ ọ́ rí, ó sì di olókìkí. Ó ní ní 1963, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Erasto Mpemba, ní ilé-ìwé girama Magamba. Wọ́n máa ń ṣe áísìkirímù níbẹ̀. Wọ́n á se wàrà, wọ́n á po ṣúgà mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó gbé e sínú fírísà. Àyè inú fírísà náà kò tó, ìjàdù ni. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú wọn rí i pé àyè fẹ́ tán, ó po wàrà tirẹ̀ láì sè é rárá, ó gbé e wọlé. Mpemba wò ó pé bí òun bá dúró kí tòun tutù, àyè ti tán nìyẹn. Ó gbé e wọlé bó ṣe gbóná. Nígbà tí wọ́n padà dé, ti Mpemba ti dì, ti ẹnìkejì ṣì ń ṣàn. Ó béèrè lọ́wọ́ tíṣà. Tíṣà ní ojú rẹ̀ ló ṣì í.

Mo ní, “Físíìsì, dúró ná. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe áísìkirímù, èló ni wọ́n ń tà á?” Ó ní, “Ìyá Alákàrà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀.”

Ó ní ọmọ náà kò fi í sílẹ̀. Nígbà tó dé ilé-ìwé Mkwawa ní ìlú Iringa, ó tún béèrè. Tíṣà ibẹ̀ ní físíìsì ti Mpemba nìyẹn, kì í ṣe físíìsì ti gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ di yẹ̀yẹ́. Bó bá ṣi ìṣirò kan ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ìṣirò Mpemba nìyẹn. Ìgbà tó yá, olùkọ́ yunifásítì kan láti Dar es Salaam, Denis Osborne lorúkọ rẹ̀, wá bá wọn sọ̀rọ̀ nílé-ìwé. Wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè. Mpemba dìde, ó bi í ní ọ̀rọ̀ kan náà yẹn, lójú gbogbo àwọn tó ti ń fi í ṣẹ̀sín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú pé ó kó ìtìjú bá àwọn lójú àlejò. Osborne pàápàá rò ó pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé yunifásítì, ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná àti omi tútù sínú fírísà, kí wọ́n wò ó. Ní 1969, òun àti Mpemba jọ fi orúkọ sí àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí rẹ̀. Títí dòní, orúkọ ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín yẹn ni wọ́n ń fi pe ọ̀rọ̀ náà káàkiri ayé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ kọ́ ni òkìkí. Ibi tí Osborne ti ní “kò lè rí bẹ́ẹ̀” nínú ara rẹ̀, tó sì lọ wò ó, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ti rò ó nídìí agbada mi. Àwa tí wọ́n ń pè ní olófòófó àti irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọmọ ìyá ni wá. Ohun kan náà ló ń jẹ wá lára: ta ni, ìgbà wo, báwo ló ṣe jẹ́, kí ló fà á. Ibi tá a ti pínyà ni pé èmi, bí mo bá ti gbọ́, mo ti ń sọ ọ́. Ọmọ yẹn á kọ́kọ́ lọ wò ó. Ìdí nìyí tí òun fi máa lọ yunifásítì, tí èmi sì wà nídìí àkàrà. Àkàrà náà kúkú dùn.

Wàhálà fírísà bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí-nìdí wá ike méjì tó dọ́gba. Ó fi ife kan náà wọn sóbò sí méjèèjì, ọ̀kan láti inú ìkòkò tó ṣì wà lórí iná, ọ̀kan látàárọ̀. Ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó la ìlà sínú ìwé ìkọ̀wé àtijọ́ kan, ó kọ aago tó gbé wọn wọlé. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣí fírísà. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, ó ń ṣí i, títí Físíìsì fi sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbé ooru wọlé. Ó wá dín in kù, ó ń wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ ojú sóbò wò. Kí ó tó dì, NẸ́PÀ mú iná lọ. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀: iná lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún gbé e wọlé, iná tún lọ, ó tún kọ ọ́. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ fi àgádágodo sí fírísà, Kí-nìdí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kìkì aago iná nìkan, ìgbà tó dé, ìgbà tó lọ.

Ẹ wá gbọ́ o. Ìyá Oníyìnyín ń wá bébà tó máa fi wé ẹ̀pà, ó fa ìwé yìí yọ lábẹ́ ìbùsùn. Ó rí i pé NẸ́PÀ tí à ń bú pé kò létò, ó létò. Àwọn òru kan wà tí iná kì í lọ títí di ìdájí, àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé kéèyàn má tiẹ̀ ki ohunkóhun bọ fírísà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ọmọ yẹn to ọjà rẹ̀. Yìnyín tó ń yọ́ dà nù lójoojúmọ́ dín kù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́. Ohun tí a kàn rí ni pé àgádágodo kúrò lára fírísà.

Sóbò wá ńkọ́? Ìgbà mìíràn tútù á kọ́kọ́ dì, ó tiẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà mìíràn gbígbóná á ṣáájú. Mo ní kí Físíìsì dá ẹjọ́. Ó ní àwọn onímọ̀ pàápàá ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó ní ní 2016, Henry Burridge àti Paul Linden nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n sì ní ibi téèyàn bá ki ohun tí a fi ń wọn ooru bọ̀ nínú omi náà, bó bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré ṣípò, ó lè yí èsì padà. Mo ní, “Nígbà náà, tíṣà ló jàre?” Físíìsì ní, “Ó lè jàre lórí yìnyín, mà. Kò jàre lórí ìkúnlẹ̀.”

Bàbá Hẹ́dì ló gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Hẹ́dì ti ṣe hẹdimásítà rí, ó ti fẹ̀yìn tì, rédíò rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń bá wí. Mo rò pé òun gan-an ni yóò ní kí wọ́n na ọmọ. Ó ní rárá, pé kí ni ẹ ṣe fojú fo ibi tí ọmọ yẹn ti há? Ìbéèrè wà nínú rẹ̀ ní odidi, Gẹ̀ẹ́sì ló já a kulẹ̀. Ó wá gbé Fáfúnwá dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Èkó, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní 1970, wọ́n mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìṣirò, Yorùbá. Sáyẹ́ǹsì, Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ni wọ́n fi sí i. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ yẹn kò kẹ́yìn níbikíbi, wọ́n tayọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bàbá Hẹ́dì ní ọmọ tó bá ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ló lè rí ibi tó ti fẹ́ jiyàn. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, “Yẹ́sì sà” ni yóò máa wí.

Mo bi í pé kí ló dé tí ìjọba kò fi ṣe é káàkiri. Ẹ wo ẹ̀rín tí bàbá rín. Ó ní ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba ní àwọn ti wọ́gi lé e. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé a bẹ̀rẹ̀ o, kí a tó parí.

Kó tó di pé n dé ọ̀dọ̀ súpáfáísọ̀, ẹ jẹ́ n fi ti LASU há a láàárín. Ẹ má wò ó pé ọ̀dọ̀ wa yìí ni eruku pọ̀ sí. Àtìgbà tí Gómìnà Jákàńdè ti dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀ ní 1983, àwọn ọmọ tó mọ ìbéèrè í béèrè ló ń gbé láàárín wa. Ní 2011, wọ́n gbé owó ilé-ìwé wọn láti 25,000 náírà, ó di ohun tó lé ní 193,000 fún ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, ti àwọn oníṣègùn lé ní 348,000. Àwọn ọmọ náà bi ìjọba pé kí nìdí. Wọ́n béèrè títí, wọ́n wọ́de, títí ìjọba Fáṣọlá fi dá a padà sí 25,000 ní 2014. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ tó ń wọlé sí LASU dín kù, àwọn láńlọ́ọ̀dù Ìbà àti Òkókó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ayálégbé. Ó wá di 2023, Aminat Yusuf jáde ní ẹ̀ka òfin níbẹ̀ pẹ̀lú 5.00 gééré, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti dá LASU sílẹ̀, Gómìnà Sanwó-Olú fún un ní 10 mílíọ̀nù náírà. Ẹ wo àdúgbò wa lọ́jọ́ náà! Gbogbo onílé ló ń sọ pé ilé òun ló gbé rí. Láńlọ́ọ̀dù tiwa ń fi yàrá kan han àlejò, ó ní inú ibí ló ti kàwé. Ìyá Ìbejì tó ti wà nínú yàrá yẹn láti ọdún gbọọrọ ń wò ó láìsọ̀rọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé ibi tí mo ń gbé e lọ. Ọmọbìnrin kan ń gbé nítòsí kànga, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, ibi tí wọ́n sọ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022, tí àwa ará ibí ṣì ń pè ní Adéníran. Ó ń ṣe tíìpìí, bí wọ́n ṣe máa ń rán àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ sí ilé-ìwé kí wọ́n fi kọ́wọ́. Ibo ni wọ́n rán an lọ? Kíláàsì Kí-nìdí! Ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ fẹ́ wá wò ó, kò sùn. Ó ya àwòrán sórí kádíbọ́ọ̀dù mọ́jú. Ó ra yìnyín lọ́wọ́ Ìyá Oníyìnyín láwìn láti fi ṣe ohun ìkọ́ni, ó fi náílọ́ọ̀nù wé e. Súpáfáísọ̀ há sínú gòsíló ní Volks. Nígbà tí yóò fi dé, yìnyín ti di omi nínú bọ́ọ̀lù, àwòrán omi tó dì ló ṣẹ́ kù lára ògiri.

Àǹtí yìí ti kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n kan. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé-ìwé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní bí òun bá ti béèrè ìbéèrè lójú àlejò, kí gbogbo wọn nawọ́, kó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ ń yé wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó na ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó na òsì. Òun á mọ ẹni tí òun máa pè.

Ó béèrè. Igbó ọwọ́ dìde. Súpáfáísọ̀, obìnrin àgbà kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ń mi orí, ó ń kọ̀wé. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ kan lẹ́yìn tó na ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, “Ìwọ yẹn, kí ló dé tó o na méjèèjì?”

Kí-nìdí dìde. Ó ní, “Mà, Àǹtí ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n na ọ̀tún, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n na òsì. Èmi mọ ìdajì.”

Ẹ̀yin ará, Àǹtí sọ fún mi pé òun kò mọ ìgbà tí òun di pátákó mú. Súpáfáísọ̀ kò sọ̀rọ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín ni. Ó ní ìdajì wo lo mọ̀? Ọmọ náà ní òun mọ ìgbà tó ń dì, òun kò mọ ìdí. Ó fa ìwé fírísà yọ nínú báàgì, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n sóbò. Súpáfáísọ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, ó ṣí i léwé léwé. Ó bi í léèrè bó ṣe wọn sóbò. Ó bi í léèrè bóyá ike kan nípọn ju èkejì lọ. Kí-nìdí kò tíì ro ìyẹn rí, ó tọrọ bírò lọ́wọ́ súpáfáísọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Súpáfáísọ̀ wá yíjú sí kíláàsì, ó ní àwọn tó na òsì lòun fẹ́ gbọ́. Wọ́n wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ó ní kí nìdí tí píọ̀ wọ́tà fi máa ń làágùn lára? Ẹlòmíràn ní kí nìdí tí yìnyín fi ń léfòó, nígbà tó jẹ́ pé òun le ju omi lọ? Òmíràn ní kí nìdí tí ẹni tó ń ta ẹja ní Àlàbà fi máa ń wọ́n iyọ̀ sórí yìnyín? Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ mọ́ Yorùbá, mọ́ Ègùn, mọ́ Íbò, kò sẹ́ni tó rántí fànákúlà. Aago lù, wọn ò dìde. Tíṣà sáyẹ́ǹsì àtijọ́ ti wá dúró lójú fèrèsé, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n jáde, ó fa Kí-nìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà ti ń ronú ìkúnlẹ̀. Tíṣà ní, “Ìwé yẹn, jẹ́ n wò ó.” Ó wò ó. Ó ní, “Ṣé ìyá ẹ ṣì ní sóbò?”

Máàkì tí wọ́n fún Àǹtí, mo ti wá a dé ibi tí mo lè wá a dé. Ó ní súpáfáísọ̀ kọ nǹkan gígùn, òun gbìyànjú láti kà á lódìkejì, ìkọ̀wé dókítà ni. Bó bá jáde, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè ló kù tó ń da Kí-nìdí láàmú báyìí. Ẹ rántí, ní oṣù kẹsàn-án 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Máìlì Méjì, kìlómítà 13. Kìlómítà 14 tó kù ló yẹ kó gbé e gba Volks, gba LASU, dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi, ó ní, “Ìyá Alákàrà, kí nìdí tó fi dúró sí Máìlì Méjì?” Èmi ń dá àpárá ni tèmi, mo ní kó lọ bi gómìnà. Ó wọlé, ó gbé bébà jáde, ó ní ṣé “Ọlọ́lá jùlọ” ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà irú ẹ̀. Físíìsì ní Gẹ̀ẹ́sì ni kó fi kọ ọ́. Bàbá Hẹ́dì ní Yorùbá ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jà lé e, lẹ́tà kò tíì kọjá ìlà kejì. Láńlọ́ọ̀dù ti gbọ́, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní èdè tó wù wọ́n ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n má ṣáà ti fi àdírẹ́sì ilé òun sí i.